Ọdún Ni A Rà, A Kò Ra Ilẹ̀: Ìtàn Ìwé Ilẹ̀ Àwa Yorùbá ní Gánà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ilé tí a ń gbé. Nígbà kan, ẹjọ́ tó ń wá sí iwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kò ju ti gbèsè, ti ìjà ọjà àti ti tọkọtaya lọ. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọmọ á gbé ìwé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá, ìwé tó ti gbó tó ń ya, á ní, "Bàbá Alága, wọ́n ní ọdún inú rẹ̀ ti pé. Báwo ni ọdún ilé ṣe ń pé?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi ìtàn dáhùn. Oníṣòwò ni mí, n kì í ṣe lọ́yà, n kò sì jókòó ní yunifásítì kankan. Ohun tí mo mọ̀, inú ìwé kíkà àti ẹnu àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ní ìlú onílùú, ilé lè jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ohun tí a fi owó wa rà ni ọdún. Ẹni tó bá mọ iye ọdún tó kù fún un á tọrọ òmíràn kí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó tán. Ẹni tí kò bá kà á, ọjọ́ tó bá tán ni yóò tó mọ̀.

BÍ ÀWỌN ÀGBÀ WA ṢE DÉ, TÍ WỌ́N SÌ RÍ ILẸ̀

Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn wa ti ń bá àwọn Haúsá rìn dé Salaga, níbi tí ọjà obì gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Kumasi ní ọdún 1896, tí ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1903, ni ọ̀nà là gan-an. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ni wọ́n ti ń wá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ẹni tó bá ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ á ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, àwa Yorùbá tó bí 100,000. Ní Accra, àdúgbò kan ń jẹ́ Lagos Town nítorí àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí.

Àlejò kì í já ilẹ̀ gbà. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ bá olórí Zongo tàbí olórí àwọn Yorùbá ìlú náà. Òun ni yóò mú wọn dé ọ̀dọ̀ ọba tàbí olórí ìdílé tó ni ilẹ̀, pẹ̀lú obì àti ọtí. Títí di òní, "owó ọtí" ni wọ́n ń pe owó tí ènìyàn ń kó fún onílẹ̀ ní Gánà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ ti kọjá ti ọtí tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn èyí, onílẹ̀ á fi ọwọ́ júwe ibi tí wọ́n lè kọ́ ilé sí. Kò sí ìwé, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ọdún.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa, nítorí ìṣákọ́lẹ̀ wà nílé. Ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ á máa gbé nǹkan lọ fún un lọ́dọọdún, kó fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ ilé wa kò ní ọjọ́ ìparí. Bí ènìyàn bá ń hùwà dáadáa, tí kò sẹ́ onílẹ̀, tí kò sì ta ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ á máa wà níbẹ̀ lọ. Èrò yìí ni àwọn bàbá wa gbé wọ Gold Coast. Wọ́n rò pé bí ìwà bá ti dára, ilé ti di ti ìran. Nígbà tí ìwé tó ní ọdún nínú dé, wọ́n gbà á bí ẹni gba rìsíìtì lásán, wọ́n sì tì í sínú àpótí.

BÍ ÌWÉ ỌLỌ́DÚN ṢE DÉ

Ní ìhà gúúsù Gold Coast, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àbádòfin kan kalẹ̀ ní ọdún 1897 láti gba àkóso ilẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ dá ẹgbẹ́ Aborigines' Rights Protection Society sílẹ̀ ní Cape Coast lọ́dún náà. Wọ́n rán aṣojú dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1898, àbádòfin náà kò sì di òfin. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ fi wà lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìdílé títí di òní. Ní Kumasi, ìjọba sọ ilẹ̀ tó yí odi ológun wọn ká di tiwọn, wọ́n sì ń yá ènìyàn ní pílọ́ọ̀tì pílọ́ọ̀tì. Ọdún 1943 ni òfin dá ilẹ̀ Kumasi padà sọ́wọ́ Asantehene. Ní Àríwá, níbi tí Tamale wà, ìjọba ló ń ṣàkóso ilẹ̀ títí òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 fi dá a padà fún àwọn tó ni ín.

Bí ìlú ti ń di ńlá, àwọn awọnlẹ̀ wọ ọ́, wọ́n gé ilẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé. Ìwé náà ni líìsì. Ohun tí líìsì túmọ̀ sí ni pé onílẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ẹlòmíràn fún iye ọdún kan pàtó. Ẹni tó gbà á lè kọ́lé sí i, kó gbé inú rẹ̀, kó fi yá ayálégbé, kó sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ, bí ó bá ti ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ọdún náà bá pé, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ onílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà lórí rẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá fún ẹni náà ní ọdún mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé ka ìwé fún wọn, wọ́n tẹ ìka sí i, wọ́n sì lọ pe mọ́lémọlé.

OHUN MÉJÌ TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 1969

Gbogbo wa la mọ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọjọ́ 14. Aliens Compliance Order ni orúkọ àṣẹ náà. Iṣẹ́ ti wọ́n nílùú, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ sì ń ráhùn pé àjèjì ló kún ọjà. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ṣakí tí wọn kò ti sọ ìtàn ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, tó gba Togo àti Dahomey lọ sílé.

Ìtàn ọ̀nà ni a máa ń sọ. A kì í sọ ti ilé. Àwọn kan ta ilé wọn ní iyekíye tí ẹni tó ń rà bá pè, nítorí ọjọ́ ń lọ. Àwọn kan fi kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé tàbí ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan fi ilé sí orúkọ ìyàwó wọn tó jẹ́ ọmọ Gánà. Àwọn mìíràn sì di ìwé wọn sínú ẹrù, wọ́n gbé e lọ sílé. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn kan bá ẹni tó ti kó owó ilé pamọ́ dè wọ́n; kí Ọlọ́run san án fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sì bá ẹni tó sọ pé òun kò mọ̀ wọ́n rí.

Ohun kejì ti ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì pariwo rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1969, òfin ìpìlẹ̀ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gánà. Ẹ ṣàmì sí ọjọ́ yìí, nítorí òun ni òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1992, tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1993, fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò fún àjèjì. Abala 266 ló sọ ọ́, ohun mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀ tó kàn wá.

Ìkíní, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà kò lè ra ilẹ̀ pátápátá, kò sì lè gba líìsì tó ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìkejì, àjèjì tó bá ti ra ilẹ̀ pátápátá kí ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1969 tó dé, ilẹ̀ náà ti di líìsì ọdún 50 láti ọjọ́ náà, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí kò ju orúkọ lásán lọ. Ààrẹ ló di ilẹ̀ náà mú fún gbogbo ọmọ Gánà. Ìkẹta, àjèjì tí líìsì rẹ̀ ṣì ku ju ọdún 50 lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n gé e sí ọdún 50.

ÌṢIRÒ ỌDÚN 50

Àwa oníṣòwò mọ ìṣirò, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ká ní bàbá kan gba líìsì ọdún 99 ní ọdún 1955. Nínú ìwé rẹ̀, ọdún 2054 ni yóò parí. Ní ọdún 1969, ó ku ọdún 85. Òfin gé e sí 50. Líìsì náà parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọdún 35 sì lọ lórí rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ìwé tó wà nínú àpótí. Ọmọ tó bá ń ka ìwé náà lónìí á rí 99, á sì rò pé àkókò ṣì wà.

Ká ní bàbá kejì gba ọdún 60 ní ọdún 1950. Ní ọdún 1969, ó ku ọdún 41. Nítorí pé 41 kò tó 50, òfin kò fi ọwọ́ kan tirẹ̀. Ọdún tó wà nínú ìwé náà ló tẹ̀ lé, ó sì parí ní ọdún 2010.

Bàbá kẹta ra ilẹ̀ pátápátá, ó gba ìwé, ó sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Èyí ti di tiwa títí ayé." Tirẹ̀ náà parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Àádọ́ta ọdún náà wá, ó sì kọjá lọ nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ilé wa kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni ọjọ́ náà.

Àwọn tó gba ilẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n padà wá náà, ẹ má ṣe sùn. Ẹni tó gba ọdún 50 ní 1978, ọdún 2028 ni tirẹ̀ yóò pé. Ẹni tó gbà á ní 1995, ọdún 2045 ni. Ọmọ tí a bí lọ́dún tó kọjá kò ní tíì pé ọmọ 25 nígbà náà.

Àwọn ọmọ wa kan máa ń sọ pé, "Gánà la bí mi sí, òfin àjèjì kò kàn mí." Ká bí ènìyàn sí Gánà nìkan kò tó. Ohun tí òfin ọdún 1992 sọ nípa àwọn tí a bí lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni pé ọ̀kan nínú àwọn òbí tàbí òbí àgbà wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Gánà. Ẹni tí ìyá tàbí ìyá ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, kó lọ gba ìwé rẹ̀ bó ti tọ́, nítorí ààlà ọdún 50 yẹn kò dè é. Láti ọdún 1996 ni Gánà ti gbà kí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì, òfin Nàìjíríà náà sì gbà á fún ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí. Àwọn kan sì gbára lé ECOWAS. Àdéhùn ọdún 1979 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti wọlé ká lo ọjọ́ 90 láìgba físà, ṣùgbọ́n kò sọ àlejò di onílẹ̀.

KÌ Í ṢE GÁNÀ NÌKAN

N kò kọ èyí láti ba Gánà jẹ́. Ilẹ̀ yìí ló bọ́ wa. Ohun tí wọ́n ṣe sí wa ní 1969, ìjọba Nàìjíríà ṣe é sí àwọn ọmọ Gánà ní oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ. Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ní ọdún nínú. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 tí òfin ìlò ilẹ̀ ti dé, gómìnà ìpínlẹ̀ ló di ilẹ̀ mú fún àwọn ará ìlú, ìwé tí ó sì ń fún ènìyàn, tí gbogbo wa ń pè ní C of O, iye ọdún wà nínú rẹ̀. 99 ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá kọ́lé sílé, kó ka tirẹ̀ náà.

Àwọn ọmọ wa tó ra fúláàtì ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ̀ pé líìsì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1993 fún ẹni tó ni líìsì fúláàtì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọdún 90 kún èyí tó kù. Bí ó bá ti tẹ̀ lé ìlànà, tó sì san iye tó yẹ, onílẹ̀ kò kàn lè sọ pé òun kò fẹ́. Ní ọdún 2024 wọ́n ṣe òfin mìíràn tó máa sọ ọ́ di ọdún 990, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a wà níhìn-ín kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ nínú abala 266. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé a kò lè gbà ju 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà, "lẹ́ẹ̀kan," fi àyè sílẹ̀ fún wa láti tún tọrọ. Bóyá a óò rí i gbà, ó kù sí ohun tó wà nínú ìwé wa, ó sì kù sí àárín àwa àti onílẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Opó kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ wá bá wa nígbà tí ọdún ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ fẹ́ pé. Ó kó rìsíìtì owó ilẹ̀ tó lé ní ogún ọdún dání, kò sí ọdún kan tó fò. Nígbà tí a bá a dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀, rìsíìtì yẹn ló sọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n gbà, wọ́n sì fún un ní ọdún mìíràn. Ìdílé mìíràn wá lẹ́yìn tí ọdún wọn ti pé ọdún mẹ́rin, àwọn ọmọ ń bá ara wọn jà, kò sì sí ẹni tó san owó ilẹ̀ látìgbà tí bàbá ti kú. Ayálégbé ni wọ́n dà nínú ilé tí bàbá wọn kọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ìdílé ṣe nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ gbé ìwé jáde kúrò nínú àpótí, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà á. Ẹ wá ọjọ́ tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Ó lè má jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ wá ibi tó sọ̀rọ̀ nípa àfikún ọdún, àti iye oṣù tí ó ní kí ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú. Bí ìwé náà bá ti wà ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1969, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ti ilẹ̀ ọba, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀ àwọn ọba ló ń gbà á. Òfin ìpìlẹ̀ ní kí ọ́fíìsì náà yọ ìdá 10 nínú 100. Nínú èyí tó kù, ìdá 55 jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ìdá 25 jẹ́ ti ààfin, ìdá 20 sì jẹ́ ti ìgbìmọ̀ àwọn ọba. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo àwọn tí ẹ óò bá nígbà tí ẹ bá fẹ́ àfikún ọdún ló ń jẹ nínú owó náà. Ẹni tó bá ń san án kì í ṣe àjèjì lójú wọn.

Bí onílé bá kú, ẹ gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù, kí ẹ sì yí orúkọ padà ní Lands Commission. Òkú kò lè tọrọ ọdún. Kí ìdílé yan ẹnì kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku ọdún mẹ́wàá. Onílẹ̀ tó rí i pé ó ku oṣù mẹ́ta mọ̀ pé ẹ kò ní ibi tí ẹ ń lọ, iye tó bá wù ú ni yóò sì pè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ra fúláàtì lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé ní Accra, ẹ béèrè iye ọdún tó kù fún ẹni tó kọ́ ọ lórí ilẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó lè ta ju ohun tó ní lọ. Bí ó bá ku ọdún 38 fún un, ọdún 38 náà ni ẹ̀yin náà ń rà, bó ti wù kí kíṣíìnì rẹ̀ dára tó.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti pinnu láti ṣí ìwé ńlá kan, níbi tí a óò máa kọ ọjọ́ tí ọdún ilẹ̀ olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín wá fún akọ̀wé wa ní ìpàdé oṣooṣù. Ẹ̀dà ni ẹ mú wá, kí ojúlówó rẹ̀ dúró sílé.

Àwọn bàbá wa fi òógùn kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi oúnjẹ du ara wọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó jẹ́ ìgbà tiwa ni ilé yóò bọ́ lọ́wọ́ ìran wọn. Kí Ó jẹ́ kí àárín àwa àti àwọn onílẹ̀ wa máa gún, kí Ó sì fi ẹ̀mí wa sí ọdún tó ń bọ̀. Àmín.